Àpótí pákó tí mo kó obì sí

Bíbu ni oníbàárà mi bá obì mi lónìí, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kúkú mọ̀ mí. N kò pẹ́ ní sùkúù, síbẹ̀ obì mi ń wọ rélùwéè dé Kánò, ilé páànù mi ní Ìlọ́bù ò sì fara sin.

Ará Ìfọ́n, ìlú tó múlé gbè wá tí a kì í fẹ́ gbà fún, ló ń hun agbọ̀n tó dára jù ládùúgbò wa. Mo ní èmi ọmọ Ìlọ́bù ò ní torí agbọ̀n lọ bẹ ará Ìfọ́n. Mo ní kí káfíńtà kan àpótí pákó fún mi, kó kun ún kó dán.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ràfíù, obì ń mí o. Ẹ jẹ́ ká kó o sínú agbọ̀n, ká fi ewé tẹ́ ẹ.”

Mo ní, “Ta ló kọ́ ta lówò obì nínú ilé yìí?”

Lónìí, ní stéṣọ̀n Òṣogbo, Alájì tó ń ra obì mi ṣí ìdérí. Ooru lù ú lójú. Obì ti làágùn, ó ti bu.

Alájì ní, “Bàbá, àpótí yín dára. Ẹ máa kó aṣọ sí i. Bí obì yín ò bá sí nínú agbọ̀n lọ́jà tó ń bọ̀, ẹ má bínú, màá wá ẹlòmíì.”

Ó dùn mí wọra. Lọ́la, mò ń lọ Ìfọ́n, sọ́dọ̀ ahunagbọ̀n tí mo bú lọ́jà pé ìtẹ́ adìẹ ló ń hun. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i.