Akọ̀wé Tó Ń Jẹ́ Kí Fọ́ọ̀mù Sùn

Akọ̀wé iléèwé wa ní Àgọ́-Ìwòyè kì í gba fọ́ọ̀mù kó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. "Ẹ jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀ mi ná," bẹ́ẹ̀ ni màmá akọ̀wé náà máa ń wí.

Nígbà tí iléèwé fẹ́ máa sanwó ìtọ́jú wa, tí wọ́n ní kí tísà kọ̀ọ̀kan yan ilé ìwòsàn, mo yan alájà mẹ́ta kan ní Abẹ́òkúta. Mo ní òun ló bá ipò mi mu.

Màmá yọ awò ojú rẹ̀. "Tísà, bí ibà bá gbé yín ṣánlẹ̀ nílé yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ta ni yóò gbé yín débẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ni màá wakọ̀."

Ó ti fọ́ọ̀mù mi sínú dúrọ́ọ̀, ó sì pe ìyàwó mi. Àwọn méjèèjì bẹ̀ mí títí mo fi yan èyí tó wà ládùúgbò wa ní Òkè-Àgbò. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Lóṣù kejì, ibà dé. Ọ̀kadà ló gbé mi lọ, ìró ìyàwó mi ni mo ró, mo sì ń sunkún.

Nígbà tí màmá wá kí mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé làákàyè ni mo fi yan ilé ìwòsàn tó sún mọ́lé. Màmá rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni o," ó ní. "Tísà wa gbọ́n."