Ọjọ́ Tí Ẹ̀wọ̀n Já ní Wásinmi

Bí ẹ bá dé Òwu ní Abẹ́òkúta tí ẹ béèrè ilé Baba Gáàdì, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Herbert Ògúntìmẹ́hìn ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ gáàdì kò ṣòro láti yé ènìyàn: dírẹ́bà ló ni iwájú, gáàdì ló ni ẹ̀yìn. Inú wágùnù ìkẹyìn ló máa ń jókòó, bíréèkì tí wọ́n ń fọwọ́ yí wà níkàáwọ́ rẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ bóyá nǹkan já tàbí nǹkan jábọ́. Baba a máa fi iṣẹ́ yìí yangàn títí etí èèyàn á fi kún.

Ohun méjì ni kì í fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni Yorùbá tó mọ́. Bí ẹ bá sọ "tíṣà" lójú rẹ̀, yóò ní olùkọ́ ni. Bí ẹ bá sọ "ṣéènì", yóò ní ta ló kọ́ yín lédè, ẹ̀wọ̀n ni Yorùbá ń pè é. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Gáàdì, kò sì sunkún. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èkejì ni orúkọ ilé, òun náà ló sì sọ àgbàlagbà di òpùrọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Kọ́ládé, ń tún alùpùpù ṣe ní Ọ̀tà. Wọ́n bá alùpùpù mẹ́ta tí olè jí gbé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kó wọn síbẹ̀. Kọ́ládé mọ̀ o, kò mọ̀ o, adájọ́ ní ó mọ̀, ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n béèrè ọmọ lọ́wọ́ Baba ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ó ti lọ sí Kutọnu, ó ti ríṣẹ́ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ àwọn bàbá ti ń gbàdúrà fún ọmọ Baba Gáàdì tó wà lẹ́yìn odi. Àmín ti Baba a sì máa ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Màmá Priscilla, ìyàwó rẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Oṣooṣù ló ń gbé gàrí àti ẹja yíyan lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, yóò ní àbúrò òun lòun ń lọ kí. Baba kò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún obìnrin náà. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ikú ta ni.

Kọ́ládé jáde lọ́dún tó kọjá, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tà. Kò wọ Òwu, nítorí ẹni tó wà ní Kutọnu kì í wọ Òwu. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moyinolúwa fi wá Baba Herbert wálé. Fíìmù ló ń ṣe. Ó ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n méje kan ló sá lọ́gbà, wọ́n fò sínú ọkọ̀ ojú irin, dírẹ́bà kú sórí ìjókòó, ọkọ̀ wá ń sáré lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Wọ́n ti gba àyè lórí irin àtijọ́ tó gba ẹ̀yìn Wásinmi, wọ́n ti rí ẹ́ńjìnnì kékeré kan àti wágùnù kan. Ẹni tó mọ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wá. Inú Baba dùn dé ẹsẹ̀, ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti nílò gáàdì.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní tó débẹ̀, tó gbójú sókè, Kọ́ládé ló rí láàárín àwọn méje tó wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n. Ó fà á sẹ́yìn wágùnù.

"Aṣọ tí wọ́n bọ́ lọ́rùn ẹ, ìwọ lo tún fẹsẹ̀ ara ẹ rìn wá wọ̀ ọ́?"

Kọ́ládé ní iṣẹ́ ni, ogójì èèyàn ló wá, òun wà lára àwọn tí wọ́n mú. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí Moyinolúwa ní kí wọ́n lóṣòó bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń kà láàárọ̀, àwọn yòókù lóṣòó bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Kọ́ládé nìkan ló ká ọwọ́ sẹ́yìn orí, tó tẹrí ba, tó gbé gìgísẹ̀ sókè. Ọmọbìnrin náà ní kí gbogbo wọn wò ó kí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Kò bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ.

Baba Herbert wò yíká. Akínrẹ̀mí tó ń wa ẹ́ńjìnnì kò jìnnà sí wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni wọ́n ń lọ. Akínrẹ̀mí kò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀, kò mọ Kọ́ládé lójú, ṣùgbọ́n ó ti gbàdúrà fún un àìmọye ìgbà. Baba rẹ ohùn sílẹ̀.

"Níbí, o ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́ ní ẹnì kan, o ò lẹ́nì kankan."

Kọ́ládé ní òun ti gbọ́, ó sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí lèèyàn máa wí fún ẹni tó ní òun ò bímọ rárá?

Nísàlẹ̀ òkè tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, ibi tí ọ̀nà oko ti dábùú irin, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Abúlé Ṣàngóyọmí. Olúṣẹ̀yẹ ni olórí ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé náà. Ó ti gé koríko ẹ̀bá irin rí láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni òun àti Baba ti mọra. Lọ́jọ́ kìíní náà, Baba pè é lórí fóònù pé kó máa lé ewúrẹ́ àti ọmọdé kúrò lójú irin, nítorí àwọn kan ń ya àwòrán ọkọ̀. Olúṣẹ̀yẹ béèrè irú àwòrán wo ni. Ọ̀rọ̀ náà, ẹlẹ́wọ̀n, dé ẹnu Baba, ó gbé e mì. Ó ní àwòrán ọkọ̀ lásán ni. Olúṣẹ̀yẹ tún béèrè Kọ́ládé, ọmọ tí kò mọ̀ lójú, Baba ní ó wà ní Kutọnu, nǹkan ń lọ déédéé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fẹ́ ya ibi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè. Irin tó yẹ kó so wágùnù mọ́ ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, ẹ̀wọ̀n ńlá kan ni wọ́n fi dè é. Baba wò ó, ó ní yóò gbé e. Moyinolúwa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn méje náà jókòó nínú wágùnù, nídìí bíréèkì. Baba yọjú wo inú wágùnù. Kọ́ládé ló jókòó nídìí bíréèkì gan-an, ó sún díẹ̀ kí àyè lè wà. Baba ní orúnkún ń ro òun, iwájú lòun máa wà pẹ̀lú dírẹ́bà. Akínrẹ̀mí fẹjú, ó ní gáàdì níwájú kẹ̀? Baba ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, Moyinolúwa àti kámẹ́rà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wọn ò tíì dé àárín rẹ̀ tí nǹkan fi dún gbàù lẹ́yìn. Wágùnù dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó wò, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sísàlẹ̀, lọ́nà abúlé. Baba fa fóònù yọ, ó pe abúlé.

"Olúṣẹ̀yẹ, ẹ̀wọ̀n tó dè wọ́n ti já! Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kò sóhun tó lè dá wọn dúró! Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ká ní ó pè é ní ṣéènì bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, kò ní sí wàhálà. Ká ní ó ti sọ fún Olúṣẹ̀yẹ irú fíìmù tó jẹ́, kò ní sí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni rédíò ti ń kéde pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n sá lọ́gbà níbì kan, kí olúkúlùkù la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ wá gbọ́ ọ lẹ́nu Baba Gáàdì tí kì í ṣàwàdà pé ẹ̀wọ̀n tó dè wọ́n ti já, wọ́n sì ń bọ̀. Kí lo máa ṣe? Olúṣẹ̀yẹ kó àwọn ọmọdé wọlé, ó sì gbé ìbọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ni Baba tó gbọ́. Àwọn mẹ́fà inú wágùnù ń ké, wọ́n di ara wọn mú. Kọ́ládé ló dojú kọ bíréèkì. Ó mọ̀ ọ́n yí, láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń jẹ́ kó yí i ní ibùdókọ̀ ojú irin Láfẹ́ńwá. Ó yí i títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Wágùnù kọjá abúlé díẹ̀ kó tó dúró. Àwọn mẹ́fà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n rí àwọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá, wọ́n sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Kọ́ládé ò lè sá. Bó bá fi bíréèkì sílẹ̀, wágùnù lè tún yí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Wọ́n bi í bóyá ẹlẹ́wọ̀n ni. Ó ní òun ti jáde. Wọ́n ní àwọn náà rí i pé ó ti jáde. Ó ní fíìmù ni, wọ́n ní kámẹ́rà dà. Orí ẹ́ńjìnnì ni kámẹ́rà wà. Wọ́n wá bi í pé ọmọ ta ni, ta ló mọ̀ nítòsí tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n gbá a ní igi lápá, wọ́n tún bi í. Ó ní òun ò lẹ́nì kankan.

Ẹ́ńjìnnì ń rọra bọ̀ sẹ́yìn lọ sísàlẹ̀, nítorí Akínrẹ̀mí ń bẹ̀rù kó má pa ènìyàn lójú irin. Inú ẹ̀ ni Baba wà tí Olúṣẹ̀yẹ fi pè é. Fóònù àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ a máa jáde síta, gbogbo wọn ló gbọ́. Olúṣẹ̀yẹ ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan, gíga dúdú kan tó ní àpá lágbọ̀n, kò sì lẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àwọn ènìyàn sì ti ń wá táyà.

Baba Herbert wo Akínrẹ̀mí, Akínrẹ̀mí náà wò ó.

"Olúṣẹ̀yẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ọmọ mi ni. Kọ́ládé ni."

"Baba, Kọ́ládé wà ní Kutọnu. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi níjẹta."

Nẹ́tíwọ̀kì já. Baba ń pè é padà, kò wọlé. Ó ní kí Akínrẹ̀mí sáré, ó ń gbá irin lẹ́ṣẹ̀ẹ́ bí ọmọdé, ó ń ní mo ti pa ọmọ mi, mo ti pa ọmọ mi.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ Kọ́ládé, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, apá òsì rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Táyà ti wà nílẹ̀, epo ni wọ́n ń dúró dè. Moyinolúwa ń sunkún, ó ń ṣàlàyé fíìmù, ta ló ń gbọ́? Baba la àárín wọn kọjá, ó ní ọmọ òun ni. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí, òun ló dàgbà jù lábúlé náà. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́.

"Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ ni, kí ló dé tí kò dárúkọ rẹ títí wọ́n fi fẹ́ẹ́ pa á?"

"Èmi ni mo ní kó má dárúkọ mi," ni Baba wí. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú wọn, lójú Akínrẹ̀mí: alùpùpù olè, ọdún mẹ́ta, Kutọnu, àmín tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò kan ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ̀yìn ni àyè òun nínú ọkọ̀ náà, òun lọ jókòó síwájú kí òun má bàa bá ọmọ òun jókòó.

Ìyá àgbà ní kí wọ́n tú okùn. Ó ní èèyàn lè purọ́ iyì mọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó purọ́ ìtìjú mọ́ ara rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ fúnra rẹ̀ ló tú u, ó ń wárí, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Ọkọ̀ Moyinolúwa ló gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta. Baba jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ láti Wásinmi, ó di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, Kọ́ládé kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lójú ogún èèyàn, kò rí ìdajì rẹ̀ sọ létí ẹnì kan. Wọ́n di apá rẹ̀, wọ́n rán ọgbẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì kan wá pẹ̀lú ìwé, ó ní wọ́n fẹ́ palẹ̀ èrò mọ́, mọ̀lẹ́bí nìkan ló lè dúró. Ó bi Baba pé kí ni aláìsàn jẹ́ sí i.

Kí Baba tó la ẹnu, Kọ́ládé ti dáhùn. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò le.

"A jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù ni. Màmá mi ń bọ̀ lọ́nà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí àgbàlagbà náà, ó ní kó jọ̀ọ́ kó má bínú, kó lọ dúró níta. Baba Herbert wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti kọjú sí ògiri. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn èrò.