Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ọwọ́ Lé Ìyá Mi Lórí

Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo àwa ará Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìyá mi kò tíì jẹ Oúnjẹ Olúwa rí. Bẹ́ẹ̀ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní Odò-Ọwà, ìlú wa. Bí àwọn yòókù bá ń lọ síwájú pẹpẹ, òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa tún gèlè rẹ̀ wé.

Láti ìgbà omidan rẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní kíláàsì àwọn tí bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé lórí kí wọ́n tó lè jẹ Oúnjẹ Olúwa. Tíṣà ìjọ bi í léèrè ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Dípò ìdáhùn tí wọ́n kọ́ wọn, pé àwọn baba àti ìyá ìsàmì ni, ó ní ìyá bàbá òun ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó lé e jáde. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí i lẹ́yìn oyè mi, mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé yín lórí.”

Ó sọ òkúta tó fi ń pa ekùrọ́ sílẹ̀. “Kí n kúnlẹ̀ fún ọ? Èmi tí mo bí ọ nínú ulé yìí, tí mo pọ̀n ọ́ lọ sóko?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àlhájà kan tó wá láti Ìkìrun, tó ń ta aṣọ níwájú ilé wa, dá sí i. “Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ ẹni bá jọba, ṣé a kì í kúnlẹ̀ ni? Adé là ń kúnlẹ̀ fún.”

“Fìlà ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn náà ladé?”

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n kò gbà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àlùfáà ìjọ wọn wá bá mi. Kò lè wò mí lójú. “Màmá ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán, Bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn. Lójú ìjọ.”

Mo ní kó lọ sọ fún un pé mo gbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá mi ló kẹ́yìn ìlà, nínú aṣọ funfun. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e fún àlùfáà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tòun ti ẹ̀wù oyè mi. Ariwo ayọ̀ sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, mo tẹ ẹ̀wù mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Ìyá mi na ọwọ́ sí mi.

“Dìde, ọmọ mi. O ti ba aṣọ jẹ́.” Ó gbọn eruku àyà mi nù. Ó wá kúnlẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lórí àìmọye ènìyàn pòórá lọ́kàn mi. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ pé, “Máa bá a lọ. Wọ́n ń wò ọ́.” Mo rántí, mo sì sọ ọ́ tán. Àlhájà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Nílé, ó gúnyán fún gbogbo wa. Mo bi í bí Oúnjẹ Olúwa ṣe rí lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n wáìnì yín kéré.”

Títí ó fi kú, kò pa Oúnjẹ Olúwa jẹ mọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan.