Ìdílé Ta Ni Àìsàn Náà Wà?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la sì ń wò ká tó fẹ́ ìyàwó. A gbé àṣà yẹn wọ bàlúù wá sí Atlanta. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá àfẹ́sọ́nà àbúrò mi obìnrin wa mọ́tò láti Buford wá sílé wa ní Duluth. Wọ́n mú ọmọ wọn dání, wọ́n gbé ìrẹsì dání, wọ́n sì gbé ìbéèrè dání.

Oríkèé ọwọ́ àbúrò mi máa ń wú. Lupus ni dókítà pè é: ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Màmá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ò tíì jẹun tán tí wọ́n fi bi mí bóyá àìsàn yìí wà ní ìdílé wa. Àbúrò mi sorí kọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí gan-an la sì ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Mo ní ohun kan wà ní ìdílé wa lóòótọ́, ó sì wà ní tiwọn náà. Kí èèyàn tó di èèyàn rárá, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wọ ara àwọn tí a ti ṣẹ̀ wá, wọ́n wọnú àtọ̀ àti ẹyin tí òbí fi ń bímọ, wọn ò sì jáde mọ́. Gbogbo wa la jogún àfọ́kù wọn. Ara a máa tì wọ́n mọ́lé. Bí ilẹ̀kùn bá dẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ àbímọ́ inú ara lè rò pé fáírọ́ọ̀sì tuntun ló dé, wọ́n á ké gbàjarè, ara á gbóná, oríkèé á wú. Bí áláàmù iná tó wà lókè àjà ṣe máa ń han tí a bá ń dín ata ni: iná ò sí, àdúgbò ti gbọ́. Mo fi kún un pé a ò tíì mọ̀ dájú pé òun ló ń da àbúrò mi láàmú. Ó kàn ṣeé ṣe ni.

“Ṣé èmi náà ní in?” Màmá béèrè.

“Ẹ ní in, mà. Pásítọ̀ náà ní in.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò kúrò lára ọwọ́ àbúrò mi. Wọ́n bi í pé ta ló ń bá a ṣí ìgò oògùn, nítorí ìdérí ìgò oògùn ilẹ̀ yìí le bí ojú ẹja.

“Èmi ni, Mummy,” ọmọ wọn dáhùn. “Tí mo bá ti close níbi iṣẹ́ ní Forest Park, mo máa ń yà síbí, màá loose gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un.”

Màmá ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Nígbà tí ọwọ́ tèmi ń dùn mí,” wọ́n wí, “bàbá ẹ ò bá mi ṣí nǹkan kan rí.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá pé oṣù wo la fẹ́ fi ìgbéyàwó sí.