Obìnrin Òkè Àjà Tó Ń Ṣọ́ Àwọn Atatẹ́tẹ́

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí ilé tẹ́tẹ́ kan ní St. Georg, ní Hamburg, tí máníjà ibẹ̀ fi pe ọ̀gá mi pé ká wá fi ọ̀dà funfun pa àwòrán òkè àjà wọn rẹ́. Èmi ni mo yà á, òun sì ni iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fi lé mi lọ́wọ́.

Rüdiger lorúkọ ọ̀gá mi, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kreuzberg, ní Berlin, à ń ya ìkùukùu àti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ sórí aṣọ kánfáàsì, a ó wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ tó fẹ́ jọ ààfin. Òun ló kọ́ mi pé ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ là ń yàwòrán àjà fún. Apá tó gún régé nínú ṣọ́ọ̀bù lè dà bí apá aláǹgbá tó bá dókè.

Nígbà tí a dé Hamburg, máníjà nàka sí obìnrin Róòmù kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà dání.

"Àwọn oníbàárà ò jókòó sábẹ́ ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó máa kí wọn káàbọ̀," ni mo fèsì.

"Kò kí wọn o, ó ń ṣọ́ wọn ni!"

Òótọ́ ni. Ojú tí a bá yà kó kọjú sí èèyàn gan-an, ibi yòówù kéèyàn sún sí, yóò máa wò ó. Rüdiger ní kí n lọ jókòó sídìí tábìlì káàdì tó wà lábẹ́ obìnrin náà. Bí mo ṣe jókòó, ìyá àgbàlagbà kan tó ń mu kọfí nítòsí kígbe.

"Má jókòó síbẹ̀ o! Ó ń wò mí bí ìyá ọkọ mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá fẹ́ kó máa wò, mà?"

"Kó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Mo bẹ máníjà pé kó jẹ́ kí n tún ojú náà ṣe.

"Tí kò bá wá dára ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá gòkè lọ kun ọ̀dà funfun," ni Rüdiger dáhùn.

Wọ́n to Gerüst, irin tí a máa ń gùn ṣiṣẹ́ lókè. Nígbà tí mo dé òkè, ojú obìnrin náà fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Rüdiger dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo: "Sún un wálẹ̀! Díẹ̀ sí i! Ó tó!" Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, mo yí ẹyinjú rẹ̀ sí apẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń ṣa èso fọ́mọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú irin náà, ìyá àgbàlagbà yẹn yí tábìlì ká, ó ń yọjú sókè lọ́tùn-ún lósì.

"Ó ti gbàgbé mi," ló wí. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí wọ́n pín káàdì. Kò tún wòkè mọ́. Máníjà lọ gbé kọfí wá fún wa.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni Rüdiger ti sọ fún mi pé èmi nìkan ni màá lọ síṣẹ́ tó kàn.

"Ta ló máa wá dùbúlẹ̀ máa pariwo fún mi?"

"Wá ẹlòmíì. Ẹ̀yìn ń dun èmi."

Ẹ̀rín la rín dé Berlin.