Màmá mi ló rí ohun tí ẹnjiníà mẹ́rin kò rí

Ẹnjiníà mẹ́rin ló fọwọ́ sí iṣẹ́ mi láàárọ̀ yìí. Gbogbo wọn ní, "Ó dáa." Ẹnì kan tiẹ̀ kà á tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọpọlọ mà ń bẹ láyé o!

Ìwé àlàyé ni mo kọ, fún irinṣẹ́ tí AI fi ń wò ó bóyá ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ kan ti wọ́n jù. Ohun tí mo bá kọ síbẹ̀ ni AI máa gbà gbọ́, òun náà ló sì máa fi gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn.

Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì níbí ní Ìsarà, ní àwọn fẹ́ kà á. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹnjiníà mẹ́rin ti kà á, mo gbé kọ̀ǹpútà fún wọn.

"O ní tí nọ́ńbà tí irinṣẹ́ yìí bá gbé jáde bá ti kọjá àádọ́rin, ìpín náà ti wọ́n jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló wá dé tí o ní kí ẹ̀rọ sọ fún èèyàn pé kó rà á?"

Mo yára wò ó. "Rà á" ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ "dúró ná."

Mo sáré sọ fún àwọn ẹnjiníà wa. Ọ̀kan fèsì pé: "Mo rí i o. Mo rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ ṣeun, sà.

Ọ̀gá wa náà ti wá ojútùú: láti ọ̀la lọ, AI ni yóò máa yẹ ìwé àlàyé AI wò.

Mo ka ìyẹn sétí Màmá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní: "Àwọn mẹ́rin yẹn, ṣé wọ́n ń gba owó oṣù?"

Ẹ bá mi dá wọn lóhùn, ẹ̀yin ará.