Obìnrin Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìlà Ìran Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń pa ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó ka ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ayé ẹrú. Orúkọ olówó ẹrú wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹrú fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ. Akọ tàbí abo, iye ọdún, àwọ̀ ara: ó parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí ìwé yìí, mo sì ti kọ àròkọ gígùn takò ó. N kò mọ̀ pé èmi náà yóò fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìlú Humble ní Texas ni wọ́n ń gbé. Ní ọdún tí mo fẹ́ ọmọ wọn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìran wọn. Bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ epo, lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà títí di ọjọ́ Àìkú.

Nínú ìkànìyàn kan tí ìjọba ṣe lẹ́yìn òmìnira, mo rí ilé kan ní oko òwú ní apá ìlà-oòrùn Texas. Arúgbó obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ọmọ yẹn ló dàgbà tó wá di ìyá àgbà fún ìyá ọkọ mi.

Èmi ọmọ Yorùbá wá fi òye ilé wa kà á. Nílé wa, ìyá àgbà ní láti kọ́kọ́ kú kí a tó sọ ọmọ ní Yétúndé. Báwo ni ẹni tó lọ àti ẹni tó padà wá yóò ṣe jọ jókòó nídìí ààrò kan? Mo pinnu pé ìyá àgbà tòótọ́ ti kú kí ọmọ náà tó dáyé, pé akọ̀wé ìkànìyàn ló ṣàṣìṣe. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ arúgbó náà pé: “Kì í ṣe ara ìdílé.” Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò bi ìyá ọkọ mi ní ìbéèrè kan. Dígírì méjì ni mo ní.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan ra oko náà láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Òkúta ibojì kan wà níbẹ̀, orúkọ arúgbó náà sì wà lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn yóò hú òkú náà lọ síbòmíràn, àfi bí ẹbí rẹ̀ bá wá wí tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ni ẹbí. Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ la jọ wakọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà na ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sókè.

“Màdáámù, ta ló kọ èyí?”

Ìyá ọkọ mi wò ó. “Ìyàwó ọmọ mi ni.”

“Ṣé ó mọ̀wé?”

“Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà dúró kí ẹ̀rín náà tán. “Ó kọ ọ́ pé obìnrin tó wà nínú ibojì yìí kì í ṣe ara ìdílé yín.”

Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ mọ́ síta ni.

Mo dìde. Ọkọ mi fà mí láṣọ. “Jókòó! Ṣé o tún fẹ́ bà á jẹ́ sí i ni?” N kò jókòó. Ọ̀rọ̀ burúkú tí mo fẹ́ sọ sí lọ́yà náà kún ẹnu mi: pé àwọn tó fi orúkọ du ènìyàn ló tún ń bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ wọn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè dá ibojì kan sí. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàlàyé àṣà wa.

Alága ìgbìmọ̀, òyìnbó arúgbó kan, fọwọ́ lérán. “Orúkọ bàbá àgbà mi ni mò ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ẹja pípa.”

“Ìwé ló wà lọ́wọ́ mi,” ni lọ́yà náà wí.

“Ìwé tèmi ni,” ni mo dá a lóhùn. “Akọ̀wé ìjọba kọ ọ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Èmi ni mo takò ó láìní ẹ̀rí. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti dárúkọ wọn, ẹ gba ìwé ìjọba gbọ́. Ó wá dárúkọ wọn tán, ẹ ní ìwé tèmi lẹ fẹ́?”

Alága bi ìyá ọkọ mi bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ kankan. Wọn kò dìde.

“Ìyá àgbà mi ní ìyá àgbà tòun ló sọ òun lórúkọ. Ó gbé òun jókòó lórí itan rẹ̀, ó ní, ‘Tèmi ni mo fún ọ. Òun nìkan ni mo ní tí ẹnikẹ́ni kò rí tà.’” Wọ́n wò mí. “Kò sẹ́ni tó bi mí rí.”

Ìgbìmọ̀ dìbò. Ẹni mẹ́ta ní kí ibojì náà wà níbi tó wà, ẹni méjì kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á sílẹ̀. Ara mi kò tíì balẹ̀ títí di òní.

A wakọ̀ padà sí Humble. Ní pálọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀.

“Dìde. Orúnkún rẹ kọ́ ló kọ ọ́. Ṣí ẹ̀rọ yẹn.”

Mo ṣí i, mo pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ arúgbó náà rẹ́. Wọ́n fa àga súnmọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí obìnrin náà. Bí mo ṣe fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

“Sùúrù. N kò tíì sọ tán.”